Ẹ kúrò nídìí ìkòkò Àǹtí mi

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn. Ẹni tó bá ní ìkòkò lórí iná, kó lọ sọ ọ́ kalẹ̀ ná kó tó padà wá.

Láti Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń fi Àǹtí mi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp àwa Yorùbá tó wà ní Tampa. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n ní àwọn ò ní dáná Gasparilla lọ́dún yìí. Gbólóhùn méjì péré ni wọ́n kọ: "Mi ò dáná ní Sátidé o. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó gbé oúnjẹ tiẹ̀ dání." Wọn ò bú ẹnikẹ́ni, wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, bàbá kan tí mi ò ní dárúkọ ti gba ohùn oníṣẹ́jú mẹ́fà sílẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa: pé Amẹ́ríkà ti ba àwọn obìnrin wa jẹ́, pé àlejò kì í wọ ilé Yorùbá kó má rí oúnjẹ jẹ, pé ọdún la ń ṣe, ta ni kì í dáná ọdún?

Mo gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò sí ní Florida, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gasparilla ni ọdún àwọn ajalèlókun tí ìlú Tampa ń ṣe láti 1904. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kìn-ín-ní ni ọjọ́ ńlá rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó rí jájẹ á múra bí olè ojú omi, wọ́n á fi aṣọ dúdú bo ojú kan, wọ́n á kó sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n kàn ní 1954. Ọkọ̀ náà ò tiẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ mìíràn ló ń fà á. Wọ́n á máa yin àgbá, ajá gbogbo àdúgbò á sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á gúnlẹ̀ sí àárín ìlú, méyọ̀ á gbé kọ́kọ́rọ́ ìlú lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ́de á gba Bayshore Boulevard kọjá, wọ́n á máa ju ìlẹ̀kẹ̀ oníke sí àwọn èrò ìwòran, tí wọ́n máa ń kà sí nǹkan bí 300,000.

José Gaspar tí wọ́n fi sọ ọdún náà ńkọ́? Kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé ó gbé ayé rí. Àlọ́ ni. Iléeṣẹ́ rélùwéè kan tẹ àlọ́ náà sínú ìwé pẹlẹbẹ láti fi polówó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ilé tí Àǹtí mi háyà wà ní West Tampa. Yàrá méjì ni. Ilé ìdáná wọn, ènìyàn mẹ́ta ò lè dúró níbẹ̀ láì gbún ara wọn nígùn-únpá. Ṣùgbọ́n a lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ibi tí ìwọ́de ti ń parí, àyè sì wà níwájú ilé tó gba mọ́tò márùn-ún. Lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí àwọn aládùúgbò ń gbé páálí síta pé ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò síwájú ilé àwọn, kó sanwó! Ohun tó sọ Àǹtí mi di ìyá ọdún nìyẹn. Àyè mọ́tò ni, kì í ṣe àṣà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe máa ń rí nínú ilé, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Sátidé nìkan ni wọ́n mọ̀, láti aago mẹ́ta ọ̀sán lọ.

Iṣẹ́ òru ni Àǹtí mi ń ṣe, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ọkọ wọn ń wa tírélà, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Lọ́dún tó kọjá, Mọ́ńdè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí àlejò lórí ìka. Ní Wẹ́sìdeè wọ́n jí láì tíì sun oorun wákàtí mẹ́rin, a lọ sọ́jà: ìrẹsì, tàtàsé, ata rodo, ṣàkì, pọ̀nmọ́, ẹja gbígbẹ, ewédú tó ti dì bí òkúta nínú fírísà. Ní Tọ́sìdeè wọ́n din ata. Ẹ̀yin tí ẹ ti din ata nínú ilé Amẹ́ríkà tí fèrèsé rẹ̀ ò ṣí dáadáa, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ tí mo wọ lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì ti ròyìn oúnjẹ ilé wa kí n tó lanu. Ní Fúráìdé wọ́n rẹ ẹ̀wà, wọ́n bó o, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n wẹ̀, wọ́n sì lọ sí ibi iṣẹ́.

Dọ́là 260 ni wọ́n ná. Mo mọ̀ torí èmi ni mo rí rìsíìtì náà nílẹ̀ nígbà tí mò ń gbálẹ̀. Nínú gbogbo àlejò tó wá, ẹnì kan ṣoṣo ló mú nǹkan dání: ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò méjì. Nígbà tó ń lọ sílé, ó gbé ọ̀kan padà.

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé ni Àǹtí mi dé láti ibi iṣẹ́. Wọn ò sùn. Wọ́n wé ìborí, wọ́n dúró nídìí sítóòfù. Mo ka ènìyàn 31 lọ́jọ́ náà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nínú ilé oníyàrá méjì. Àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, àwọn kan jẹun nínú mọ́tò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kí n má sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ máa bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́? Níbo lo wà?"

Mo wà ní Bayshore. Mo fi aṣọ dúdú bo ojú kan, mo fi idà oníke há ìgbànú, mò ń nawọ́ sókè bí ọmọ ọdún méje nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tí owó rẹ̀ ò tó sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Mẹ́rin nínú àwọn 31 yẹn, èmi ni mo pè wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n, láti yunifásítì. Mo ní kí wọ́n wá jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù Àǹtí mi, pé wọn ò jẹ irú ẹ̀ rí. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sè é. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n bèèrè.

Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àkàrà ti ń tán. Ẹnì kan pariwo láti pálọ̀: "Ìyàwó wa, àkàrà ti tán ni?" Àǹtí mi sáré da ẹ̀wà tó kù sínú epo. Obìnrin tí kò sùn láti àná. Ọwọ́ wọn yọ̀, epo gbígbóná ta sí wọn lọ́rùn ọwọ́. Mo wọlé nígbà tí wọ́n ń bu omi tútù sí i, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ mẹ́fà wà lọ́rùn mi. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ṣé o ti jẹun?"

Àlejò tó wà ní pálọ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò.

Wọ́n di ọwọ́ yẹn, wọ́n sì lọ sí ibi iṣẹ́ lálẹ́, torí wọ́n ti bẹ ẹlòmíì tẹ́lẹ̀ kó bá wọn ṣe ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ náà, wọn ò lè tún bẹ̀ ẹ́. Àpá náà ṣì wà níbẹ̀. Ó gùn tó ìka mi. Obìnrin tí ẹ ń pè ní ahun nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá dá bàbá lóhùn.

Wọ́n ní ọdún la ń ṣe. Ọdún ta ni? Iléyá, mo mọ̀ ọ́n. Kérésì, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún eégún nílùú wa, mo mọ agbo ilé tó ń ra ẹran àti èyí tó ń pọn omi. Gasparilla kọ́. Ìgbà wo ni ọdún ajalèlókun di ọdún wa tó fi lè pàṣẹ fún obìnrin Yorùbá pé kó máà sùn?

Torí ẹ jọ̀ọ́, ajalèlókun gidi wà. Wọ́n dé ẹ̀bá ilé wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1722, oṣù kan náà tí à ń jó yìí, Bartholomew Roberts, ọmọ Wales, gúnlẹ̀ sí Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin ti òde òní. Ó bá ọkọ̀ akẹ́rú 11 níbẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mú góòlù wá, kó fi ra ọkọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n san án. Ọ̀gá ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kọ̀, orúkọ ọkọ̀ tiẹ̀ ni Porcupine. Roberts ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ kó àwọn ẹrú inú ọkọ̀ náà kúrò kí wọ́n tó dáná sun ún. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n rí i pé títú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ á gba àkókò, á sì ni wọ́n lára. Ni wọ́n bá tiná bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 80 ènìyàn ló wà nínú rẹ̀, méjì-méjì ni wọ́n dè wọ́n pọ̀. Ẹni tí iná ò jó bẹ́ sómi, ẹja apanijẹ sì ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1724. Orúkọ Roberts wà níbẹ̀, orúkọ ọkọ̀ wà níbẹ̀. Wọn ò kọ orúkọ ẹnì kan nínú àwọn 80 yẹn.

Mi ò fi ìkòkò ọbẹ̀ wé ìyẹn o, ẹ má gbà mí lódì. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú yìí náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lásán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé àfihàn sí Tampa fún ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Whydah. Ouidah yẹn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ̀ akẹ́rú ni kí àwọn ajalèlókun tó gbà á ní 1717. Àwọn èèyàn wa níbí fárí gá, iṣẹ́ náà sì forí ṣánpọ́n. Ní 1991 pàápàá, ìwọ́de Gasparilla ò wáyé, torí ẹgbẹ́ tó ń ṣe é ò ní aláwọ̀ dúdú kankan, ìjà sì ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀ nígbà tí Super Bowl ń bọ̀ wá sílùú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó kọ́kọ́ bínú wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí àwa lè dúró ní Bayshore lónìí ká máa gba ìlẹ̀kẹ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ wòran. Èmi náà máa lọ. Ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọmọ iléèwé tó máa ń jó kọjá yẹn, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ láéláé. Ìran wíwò ni o. Ẹni tó lọ wòran, ṣé ẹnì kan jẹ ẹ́ ní gbèsè oúnjẹ ni?

Ó tún kù. Bàbá ní àṣà. Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ mọ àṣà jù mí lọ, èyí ló fi ń dùn mí. Nílé wa, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn obìnrin ilé ti dé pẹ̀lú ọ̀bẹ tiwọn, pẹ̀lú àpótí ìjókòó tiwọn. Àwọn kan ń ṣa ẹ̀wà, àwọn kan ń gé àlùbọ́sà, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn ọkùnrin ló la igi. Àwọn ọkùnrin ló pa màlúù tí wọ́n sì kun ún. Àwa ọmọdé pọnmi. Kí oúnjẹ tó dé iwájú àlejò, wọ́n ti bu ti àwọn tó sè é sọ́tọ̀, wọ́n sì fi abọ́ bò ó. Ìyá àgbà kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n jókòó ti ìpín yẹn lọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ síbẹ̀.

Àṣà tí mo mọ̀ nìyẹn. Kò sí ibì kan níbẹ̀ tí obìnrin kan ṣoṣo ti ń dáná fún ènìyàn 31 tí gbogbo ọkùnrin ń wo bọ́ọ̀lù. Èyí tí à ń ṣe ní West Tampa, a ò bá a nílé. A dá a sílẹ̀ níbí. Ẹ ò lè gbé àlejò inú àṣà sọdá òkun, kí ẹ fi àwọn obìnrin ilé, igi lílà àti omi pípọn sílẹ̀ sí Nàìjíríà.

Wọ́n sì tún pa á lówe nínú ohùn yẹn pé àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò bá ní. Bẹ́ẹ̀ ni! Àǹtí mi gan-an ni ẹni tí kò ní. Wọn ò jókòó jẹun lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fọ abọ́, mi ò rí abọ́ tiwọn níbẹ̀.

Ẹnì kan kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé àwọn kan wà tí wọn ò ní ẹbí níbí, pé ọjọ́ Gasparilla nìkan ni wọ́n ń jẹ oúnjẹ ilé láàárín èrò. Mo gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí bẹ́ẹ̀ lèmi náà rí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé. Mi ò bá ẹni tí kò lówó jà. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ méjì. Ẹ̀wà bíbó ò gba owó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó mú oúnjẹ wá lọ́jọ́ tí epo ta sí Àǹtí mi lọ́wọ́. A ò pè wọ́n. Ìyá àgbà ará Cuba kan ni, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó ń gbé lójúlé kejì. Wọ́n rí èrò, wọ́n rí èéfín, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ń jìyà nínú ilé yẹn. Wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀wà dúdú kan wá, àti búrẹ́dì gígùn tí àwọn ará Cuba ń ṣe ní Tampa, èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́ lé lórí kí wọ́n tó tì í sínú ààrò. Wọ́n mú àkàrà kan lórí àwo, wọ́n bù ú jẹ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Bollitos!" ni wọ́n pè é.

Mo lọ wádìí. Bollitos: ẹ̀wà olójú dúdú, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú aáyù, wọ́n á dín in nínú epo. Wọ́n ti ń tà á nígboro Tampa àti Key West láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, àkàrà ni! Àwọn tó ń bọ òrìṣà ní Cuba ṣì ń pè é ní akará. Wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí oko ìrèké ní Cuba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àkàrà bá wọn lọ. Nígbà tí àwọn tó ń wé sìgá kó wá sí Ybor City níbí láti 1886, àkàrà tún bá wọn dé. Ó ti wà nílùú yìí kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Gasparilla.

Ohun mìíràn tí mo rí ló jẹ́ kí n kọ gbogbo èyí. Nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ Amẹ́ríkà pín àwọn ará Cuba ní Ybor City níyà, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, àwọn dúdú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1900. Ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Martí-Maceo nìyẹn. Ijó wà níbẹ̀, àríyá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń dáwó. Bí àìsàn bá dá ọ dúbúlẹ̀, ẹgbẹ́ á bá ọ wá dókítà, ẹgbẹ́ á fún ọ lówó. Ìjọba wó gbọ̀ngàn wọn ní 1965, ẹgbẹ́ náà ò kú. Talákà tó ń wé sìgá ló ń dáwó yẹn o. Àwa tó ń gbé mọ́tò olówó ńlá síwájú ilé Àǹtí mi lọ́fẹ̀ẹ́, a ò lè gbé kúlà ìrẹsì kan dání.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé ọmọdé ni mí, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí han Àǹtí mi, wọ́n ti kà á kí n tó gbé e síta. Wọ́n ní kí n yọ ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mi ò yọ ọ́. Wọ́n ní kí n má bú bàbá. Mi ò bú wọn.

Bí Sátidé ṣe máa rí nìyí. Àǹtí mi á dé láti ibi iṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á sùn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn yàrá yẹn, èmi ni màá gbé àga síwájú rẹ̀. Mọ́tò lè wọlé, dọ́là 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó gáàsì àti epo nìyẹn. Ẹ̀wà wà lọ́wọ́ mi, alẹ́ Fúráìdé ni màá rẹ ẹ́. Mo nílò ènìyàn mẹ́fà tó máa bó o láti aago méje alẹ́, ọkùnrin ni mò ń bá wí. Bàbá wa náà, tí ẹ bá lè wá, ẹ ò ní ṣiṣẹ́ púpọ̀, a kàn fẹ́ kí ẹ jókòó ti ìpín Àǹtí mi kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìyá àgbà ará Cuba ti ní àwọn ń bọ̀.

Bílẹ́ńdà wa ò lọ nǹkan kúnná mọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó lágbára, kó gbé e wá.